Ṣé Ìjà Ni Àbí Eré? Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Bi Mí Nípa Rọ́gbì ní Oníyanrìn

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo lọ sílé wa ní Oníyanrìn, n'Ìbàdàn. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí àǹtí mi fi na ìwé kan sí mi. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní SS1 ló fi ránṣẹ́. Olùkọ́ eré ìdárayá wọn fẹ́ dá ikọ̀ rọ́gbì sílẹ̀, òbí tó bá gbà kí ọmọ òun wà níbẹ̀ ni kó fọwọ́ sí i.

Àǹtí mi ò fọwọ́ sí i, ó sì nídìí. Kí ìwé náà tó dé, àbúrò mi yìí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wo rọ́gbì nílé ìwòran bọ́ọ̀lù, níbi tí wọ́n ti ń dúró de Arsenal. Wọ́n délé, wọ́n dán an wò nínú agboolé. Ọ̀kan nínú wọn fi èjìká lulẹ̀, eegun èjìká rẹ̀ kán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló sì fi gbé apá kọ́rùn.

"Ìwọ lo wà ní yunifásítì," àǹtí mi wí. "Gbogbo ohun tí mo bá bi ọ́, dá mi lóhùn. Tó bá yé mi, mo fọwọ́ sí i. Bí ò bá yé mi, kó lọ gbájú mọ́ ìwé ẹ̀."

Bàbá àgbà náà gbé àga wọn sún mọ́ wa. Bàbá ti ń lọ wo 3SC ní Adámásingbá kí wọ́n tó bí mi, wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn àwọn.

Mo rò pé ó máa rọrùn, torí mo máa ń wo rọ́gbì, mo sì mọ òfin rẹ̀. Àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá ni mo tó rí i pé èèyàn lè mọ nǹkan dáadáa kó má lè ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ilé ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi to àwọn ìbéèrè wọn síbí, pẹ̀lú ìdáhùn, fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tún bi lọ́la.

Níbo ni orúkọ yẹn ti wá?

Orúkọ ìlú ni. Rugby jẹ́ ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹ̀kọ́ kan sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Rugby School. Ìtàn tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé lọ́dún 1823, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ William Webb Ellis ki bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá a, ó sì gbé e sáré. Ìtàn náà dùn, orúkọ Ellis ni wọ́n sì fi sọ Ife Àgbáyé rọ́gbì títí dòní. Àmọ́ Ellis ti kú ní 1872, ọdún 1876 sì ni ọkùnrin kan tó jáde nílé ẹ̀kọ́ náà, Matthew Bloxam, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ jáde. Òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ni.

Ohun tó lẹ́rìí ni pé ní 1845, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra wọn jókòó, wọ́n kọ òfin eré wọn sílẹ̀. Ní 1871, ẹgbẹ́ 21 pàdé ní London, wọ́n dá àjọ rọ́gbì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni Scotland àti England kọ́kọ́ pàdé ní Edinburgh, Scotland ló sì borí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe fonẹ́tíìkì máa gbádùn èyí. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, g dá dúró, b dá dúró. Àmọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ àdúgbò wa, gb inú "gbé" ni wọ́n ń pè. Bàbá àgbà ní kò burú bẹ́ẹ̀: "Ṣebí gbígbé ni wọ́n ń gbé e, wọn ò gbá a. Agbébọ́ọ̀lù ni wọ́n, wọn kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù." Mi ò rí ọ̀rọ̀ tó dára ju ìyẹn lọ, òun ni n ó sì máa lò.

Kín ló dé tí bọ́ọ̀lù náà rí bí ìbẹ́pẹ?

Àwọn oníṣẹ́ bàtà méjì nílùú Rugby, William Gilbert àti Richard Lindon, ló ń rán bọ́ọ̀lù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Àpòòtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, wọ́n á wá fi awọ bò ó. Àpòòtọ̀ kì í rí róbótó bí ọsàn, bó ṣe rí ni bọ́ọ̀lù náà ń rí. Wọ́n ní ìyàwó Lindon ló ń bá a fẹ́ ẹ, àìsàn ara ẹlẹ́dẹ̀ ló sì pa á. Lẹ́yìn náà ni Lindon wá ọgbọ́n lílo rọ́bà dípò àpòòtọ̀.

Bàbá àgbà ti sún àga wọn sẹ́yìn níbi tí wọ́n ti gbọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Mo sáré fi kún un pé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ kankan nínú ti òde òní. Rọ́bà di ohun tí èèyàn lè fún ní ìrísí tó bá wù ú, àmọ́ wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe rí, torí ó rọrùn láti há mọ́ abíyá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Èèyàn 15 ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 80 ni wọ́n ń lò, 40 lọ́nà méjì. Iṣẹ́ agbébọ́ọ̀lù ni kó gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà tó wà ní ìdí àwọn alátakò, kó sì fi í kan ilẹ̀ níbẹ̀. Bó bá kàn gbé e wọlé tí kò fi í kan ilẹ̀, kò tíì rí nǹkan kan gbà.

Òfin tó yàtọ̀ jù nìyí: èèyàn lè sáré lọ síwájú, ó sì lè fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù síwájú, àmọ́ tó bá fẹ́ fi ọwọ́ jù ú sí ẹnìkejì rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ jù ú sí. Torí náà, ẹni tó bá sáré kọjá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dání kò wúlò fún un mọ́. Ẹni tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ló lè ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ń gbà rí àmì. Ẹni tó bá fi bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ gba àmì 5, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní tíráì. Lẹ́yìn tíráì, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù lọ sáàárín òpó méjì, lókè igi tó dábùú wọn. Bó bá wọlé, àmì 2 ni. Bí alátakò bá ṣẹ̀ sófin, wọ́n lè gbá pẹnáritì lọ sáàárín òpó yẹn fún àmì 3. Ẹni tó bá sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ta nílẹ̀ kó tó gbá a wọlé nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́ máa gba àmì 3 bákan náà.

Láyé àtijọ́, tíráì kò ní àmì kankan. Àǹfààní láti gbìyànjú àtigbá bọ́ọ̀lù wọlé nìkan ló ń fún wọn, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àǹtí mi ní, "Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe nìyẹn."

Kí ìṣirò náà lè yé wọn, mo fi àṣekágbá Ife Àgbáyé 2023 ṣe àpẹẹrẹ. New Zealand gba tíráì 1 tí wọn ò rí àfikún rẹ̀ gbá wọlé, àti pẹnáritì 2. Ìyẹn jẹ́ 5 pẹ̀lú 6, àpapọ̀ 11. South Africa kò gba tíráì kankan, àmọ́ Handré Pollard gbá pẹnáritì 4 wọlé, ó di 12. Àmì kan ṣoṣo ni South Africa fi gba ife náà, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin wọn sì nìyẹn, lẹ́yìn 1995, 2007 àti 2019. Ikọ̀ mìíràn kò tíì gbà á tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin.

Ìgbà tí wọ́n ń gbéra wọn lulẹ̀, ṣé ìjà kọ́ nìyẹn?

Mo bi Bàbá àgbà bóyá ìjà ni gídígbò. Wọ́n ní rárá, eré ni, torí ó ní ibi tí èèyàn lè dì mú àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni rọ́gbì. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dání nìkan ni wọ́n lè gbé ṣubú. Ìsàlẹ̀ èjìká ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ dì í mú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi apá gbá a mọ́ra, kì í ṣe kí wọ́n kàn fi èjìká kọlù ú. Bó bá ti ṣubú, ó gbọ́dọ̀ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ẹni tó gbé e ṣubú sì gbọ́dọ̀ fi òun náà sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé sókè, wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sílẹ̀ ní oríkodò.

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń rò pé wọ́n ti ń jà ni scrum. Bí àṣìṣe kékeré bá wáyé, bíi kí ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù síwájú, èèyàn 8 níhà kọ̀ọ̀kan á dìmọ́ra wọn, wọ́n á tẹ̀ ba, wọ́n á fèjìká ti èjìká. Wọ́n á ju bọ́ọ̀lù sáàárín wọn, ìhà tó bá sì fẹsẹ̀ fà á sẹ́yìn ló ni ín. Bí bọ́ọ̀lù bá sì jáde ní ẹ̀gbẹ́ pápá, wọ́n á tò sí ìlà méjì, wọ́n á gbé ẹnì kan sókè láti hán an lófuurufú. Ìyẹn ni lineout.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ gan-an máa gba káàdì yẹ́lò, á sì lọ jókòó fún ìṣẹ́jú 10. Káàdì pupa ló ń lé èèyàn jáde. Balógun ikọ̀ ló ń bá rẹ́fírì sọ̀rọ̀, "sà" sì ni wọ́n máa ń pè é. Bàbá àgbà mi orí títí. Wọ́n ní ká wá fi ìyẹn kọ́ àwọn tiwa ní Adámásingbá.

Ọmọ mi tẹ́ẹ́rẹ́, ṣé kì í ṣe eré àwọn òmìrán ni?

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ ló pín ara. Nọ́ńbà 1 sí 8 ló ń wọ scrum. 1 àti 3 máa ń sanra, wọ́n sì ki, torí àwọn ni wọ́n máa ń gbára lé jù. 2 wà láàárín wọn. 4 àti 5 ló máa ń ga jù, àwọn ni wọ́n ń gbé sókè. 6, 7 àti 8 máa ń lágbára, wọ́n sì ń sáré. 9 sábà máa ń kéré, òun ló ń fa bọ́ọ̀lù jáde láàárín àwọn géńdé. 10 ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe. 12 àti 13 wà láàárín gbùngbùn, 11 àti 14 ni wíńgà tó ń fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, 15 ló sì ń ṣọ́ ẹ̀yìn.

Ṣé oríṣi kan ṣoṣo ni?

Ó lé ní ọ̀kan, owó ló sì fa ìpínyà àkọ́kọ́. Ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà àti ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ló pọ̀ nínú àwọn agbébọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá lọ ṣeré lọ́jọ́ Sátidé, owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ní kí wọ́n máa san án padà fún wọn, àjọ tó wà ní London kọ̀. Ní 1895, ẹgbẹ́ 22 pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Huddersfield, wọ́n sì yapa. Tiwọn ló di rugby league, tó ń lo èèyàn 13. Àwọn tó kù, ìyẹn rugby union, kò gbà kí agbébọ́ọ̀lù máa gbowó ní gbangba àfi ní 1995, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn náà.

Oríṣi kẹta ni ti ẹlẹ́ni-méje, tó bẹ̀rẹ̀ ní Melrose, Scotland, ní 1883. Ìṣẹ́jú 7 lọ́nà méjì ni wọ́n ń lò. Òun ló wà nínú Òlíńpíìkì láti 2016, Fiji sì ni ọkùnrin wọn kọ́kọ́ gbà á.

Ṣé obìnrin náà ń ṣe é?

Àbúrò mi obìnrin ló béèrè èyí láti ibi tó ti ń fọ abọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, òfin kan náà sì ni wọ́n ń lò. Nígbà tí England na Canada 33–13 ní àṣekágbá Ife Àgbáyé àwọn obìnrin ní 2025, èrò tó lé ní 80,000 ló kún pápá Twickenham.

Ṣé ọmọ wa kankan wà níbẹ̀?

Mo ti ń retí ìbéèrè yìí. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti bí i. Adédayọ̀ Adébáyọ̀ ni orúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní 1970. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti lọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì di wíńgà ẹgbẹ́ Bath. Láàárín 1996 sí 1998, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kìíní 1998, ó wà nínú ikọ̀ Bath tó na Brive ti ilẹ̀ Faransé 19–18 ní Bordeaux, tí wọ́n fi di ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tó gba ife àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù. Victor Ubogu, tí wọ́n bí l'Ékòó, wà nínú scrum ikọ̀ kan náà.

Ṣáájú ìyẹn, ní 1993, Andrew Harriman, tí wọ́n bí l'Ékòó bákan náà, ni balógun ikọ̀ England tó gba Ife Àgbáyé ẹlẹ́ni-méje àkọ́kọ́. Ní 2008, Topsy Ojo gba tíráì méjì lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù England, New Zealand ni wọ́n sì bá pàdé lọ́jọ́ náà. Maro Itoje, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni balógun British and Irish Lions ní 2025, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa dé ipò yẹn. Òun náà gboyè nínú ìmọ̀ òṣèlú ní SOAS ní London nígbà tó ń ṣeré lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè wa náà ní ikọ̀ tirẹ̀, Black Stallions ni wọ́n ń pè é.

"Adébáyọ̀ ọmọ Ìbàdàn!" àǹtí mi wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú báírò.

Orí ńkọ́?

Ó tún gbé báírò náà sílẹ̀. "Apá tó kán á jinná," ó ní. "Orí ńkọ́?"

Mi ò múra ìbéèrè yìí sílẹ̀. Àbúrò mi ń wo ojú mi, mo sì mọ ohun tó fẹ́ kí n sọ. Mo lè dárúkọ Adébáyọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àmọ́ ìyá ọmọ ló bi mí, mo sì sọ òótọ́ fún un.

Steve Thompson ni nọ́ńbà 2 ikọ̀ England tó gba Ife Àgbáyé ní 2003. Ní ìparí 2020, nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 42, ó sọ fún aráyé pé àwọn dókítà ti rí àìsàn ọpọlọ tó ń múni gbàgbé nǹkan lára òun, irú èyí tí a mọ̀ mọ́ àwọn arúgbó. Ó ní òun ò rántí ọjọ́ tí àwọn gba ife náà. Òun àti àwọn agbébọ́ọ̀lù mìíràn ti pe àwọn àjọ rọ́gbì lẹ́jọ́ pé wọn ò dáàbò bo àwọn tó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọpọlọ ń mì nínú agbárí. Kò dìgbà tí nǹkan bá gbá orí gan-an. Bí ara bá kọlu nǹkan gidigidi, ó lè mi ọpọlọ. Kò sì dìgbà téèyàn bá dákú. Orí fífọ́, òòyì, èébì, kójú máa ṣe bàìbàì, kéèyàn máa dáhùn ohun tí wọn ò bi í, àmì rẹ̀ nìyẹn. Ewu tó pọ̀ jù ni kéèyàn tún fara gbá òmíràn nígbà tí ti àkọ́kọ́ ò tíì san.

Èyí ló mú kí òfin le sí i. Ní àṣekágbá 2023 tí mo mẹ́nu bà, balógun New Zealand fúnra rẹ̀, Sam Cane, gba káàdì pupa torí pé èjìká rẹ̀ kan orí alátakò. Ní ti ọmọ ilé ẹ̀kọ́, bí wọ́n bá ti fura pé ọpọlọ rẹ̀ mì, kó jáde kíá. Kò gbọ́dọ̀ padà wọlé lọ́jọ́ náà, kódà bó bá ń bẹ̀bẹ̀. Dókítà ni kó yẹ̀ ẹ́ wò, díẹ̀díẹ̀ ni kó sì fi padà sínú eré.

Bàbá àgbà ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́."

Mo wá sọ fún àǹtí mi pé ọ̀nà kan wà tí kò ní gbígbéni-ṣubú nínú. Tag rugby ni wọ́n ń pè é. Èèyàn á so bẹ́líìtì mọ́dìí, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì á sì rọ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́. Alátakò tó bá já ọ̀kan gbà ti mú un nìyẹn. Sísáré, jíju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn àti ọgbọ́n inú eré náà kò yí padà.

Àǹtí mi ò fọwọ́ sí ìwé lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ bá olùkọ́ náà pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló kọ́ ẹ̀yin náà? Bí ọmọ bá forí gbá, ta ló máa yọ ọ́ kúrò nínú eré, ibo ni yóò sì gbé e lọ? Ṣé orí koríko ni wọ́n ti máa ṣe é, àbí orí ilẹ̀ líle? Mo rò pé òbí tó bá ní ìbéèrè mẹ́ta yìí lọ́wọ́ kò nílò ìdáhùn tèmi mọ́. Olùkọ́ náà dá a lóhùn, ó sì fi hàn án pé tag ni wọ́n máa fi ọdún àkọ́kọ́ ṣe. Ìgbà yẹn ló tó fọwọ́ sí i. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé náà pé: "Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra wọn ṣubú, ẹ pè mí."

Kí n tó padà sí ọgbà, mo bá àwọn ọmọ agboolé wa lẹ́nu eré. Wọ́n ti ya àlòkù ìró, wọ́n fi há bẹ́líìtì, ọmọ tí eegun rẹ̀ kán sì wà láàárín wọn. Bàbá àgbà ni rẹ́fírì, lórí àga. Scrum nìkan ni a ò tíì rí orúkọ Yorùbá tó tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn fún. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ kó fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn wa yìí. Màá gbé e délé.